Ìjókòó Kẹ̀kẹ́ fún Ẹni Tó Ń Jókòó Nàró: Àwọn Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ ìjókòó fi kan ẹni tó ń jókòó nàró ju ẹlòmíràn lọ?

Ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré ìdíje máa ń tẹ̀ síwájú. Ọwọ́ rẹ̀ gba díẹ̀ nínú ìwúwo rẹ̀, ẹsẹ̀ tó ń fi agbára tẹ pẹ́dà gba díẹ̀, ìdí wá ru ìyókù. Ẹni tó jókòó nàró, tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ga ju ìjókòó lọ, kò ní irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ ló ń ru èyí tó pọ̀ jù lọ.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe ń gun kẹ̀kẹ́: àgbẹ̀ tó ń lọ sóko lójú ọ̀nà Ìkòyí-Ilé, akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn lọ sí LAUTECH, bàbá tó ń lọ kírun ní àdúgbò kejì. Àwọn kẹ̀kẹ́ Raleigh onírin dúdú tí wọ́n ń kó wá láti Nottingham láyé àwọn bàbá wa, ìjókòó nàró ni wọ́n ṣe wọ́n fún, ìjókòó gbàǹgbà onísípíríìnì ló sì bá wọn wá. Ìyà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìjókòó àkọ́kọ́ bàjẹ́, tí wọ́n wá fi ìjókòó tẹ́ẹ́rẹ́ ti kẹ̀kẹ́ onígíà rọ́pò rẹ̀.

Egungun wo gan-an la fi ń jókòó lórí ìjókòó?

Méjì ni, nísàlẹ̀ ìbàdí, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì onípákó, kí ẹ ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìdí, ẹ ó fọwọ́ kàn wọ́n. Àwọn ni wọ́n lè ru ara. Àárín wọn ni iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ àti ìmọ̀lára lọ sí ojú ara gbà, ibẹ̀ kò sì yẹ kó ru ohunkóhun.

Bí a bá tẹ̀ síwájú, ìbàdí á yí, a ó wá gbé ara lé iwájú egungun náà, níbi tí wọ́n ti sún mọ́ra. Bí a bá nàró, ẹ̀yìn wọn la jókòó lé, ibi tí wọ́n ti jìnnà síra. Ìdí nìyẹn tí ìjókòó kan náà fi lè tu ẹnì kan lára lórí kẹ̀kẹ́ eré ìdíje, kó sì fìyà jẹ ẹ́ lórí kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀.

Ṣé kì í ṣe ìjókòó tó bá rọ̀ jù lọ ló dára jù?

Rárá o. Àwọn ènìyàn kì í fẹ́ gba èyí gbọ́, nítorí pé bí a ṣe ń ra ìjókòó nìyẹn: a dé ìsọ̀, a fi àtàǹpàkò tẹ ẹ́, ó wọlé mùkẹ̀mùkẹ̀, a sanwó. Àtàǹpàkò kọ́ ló máa jókòó lé e.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Bí fóòmù bá rọ̀ jù, egungun méjèèjì á rì sínú rẹ̀. Fóòmù tó wà láàárín wọn, tí nǹkan kan kò tẹ̀, á wá ga ju ibi tí egungun wà lọ. Ó di pé àárín yẹn gan-an, tí a ní kó má ru nǹkan, ló ń ru ara. Ní ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ ò ní mọ̀, kódà ẹ ó máa gbádùn rẹ̀. Bí ìrìn bá gùn, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Àwọn ìyá tó ń jókòó sórí àpótí dín àkàrà láti òwúrọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀: àpótí kò rọ̀, ṣùgbọ́n ó gbé egungun dúró síbi kan náà.

Fóòmù rírọ̀ kì í pẹ́ di pẹlẹbẹ pẹ̀lú. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, egungun á kan ike tàbí irin tó wà nísàlẹ̀. Ẹ di ẹ̀ṣẹ́, kí ẹ sì fi ìwúwo yín tẹ ìjókòó náà. Bí ẹ bá ń gbọ́ líle ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tó dára á wọlé díẹ̀, á sì dá yín dúró.

Ẹni tí kò ń lọ ju òpópó kan sí ìkejì lọ lè lo èyí tó rọ̀ láìsí wàhálà. Ẹni tó ń ti Tákíè lọ sí oko ní abúlé kò gbọdọ̀ dán an wò.

Báwo ni mo ṣe máa mọ bí egungun ìdí mi ṣe jìnnà síra tó?

Páálí ni ẹ ó lò, irú èyí tí wọ́n fi ń kó ìndómí, tó ní ihò wẹ́wẹ́ nínú. Ẹ gé e kó tó ìdí gbà, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí àpótí tàbí bẹ́ǹṣì líle. Ẹ wọ ṣòkòtò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ jókòó lé e kí ẹ̀yìn nàró bí ẹ ṣe ń jókòó lórí kẹ̀kẹ́, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀ kí ìwúwo lè bọ́ sórí ìdí. Ìṣẹ́jú kan tó. Má ṣe máa mì.

Bí ẹ bá dìde, ẹ ó rí ibi méjì tó ti wọlé. Ẹ fi bírò sàmì sí àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá fi téèpù tàbí rúlà wọn ọ̀nà tó wà láàárín àmì méjèèjì. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà máa ń wà láàárín mìlímítà 100 sí 140, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan kọjá bẹ́ẹ̀. Bí ibi méjèèjì kò bá hàn dáadáa, ẹ fi ọwọ́ pa páálí náà kiri, ọwọ́ máa ń rí ohun tí ojú kò rí.

Ìwọ̀n ìdí tí a ń fojú rí kò sọ nǹkan kan nípa egungun. Ẹni tó sanra lè ní egungun tó sún mọ́ra, ẹni tó pẹ́lẹ́ńgẹ́ lè ní èyí tó jìnnà síra.

Lẹ́yìn tí mo bá wọn egungun tán, ìjókòó tó fẹ̀ tó báwo ni kí n rà?

Fún ẹni tó jókòó nàró, ẹ fi nǹkan bíi mìlímítà 40 kún ohun tí ẹ wọ̀n. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 120, kó má ra ohun tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò tó 160. Ìdí tí a fi ń fi kún un ni pé etí ìjókòó máa ń tẹ̀ sísàlẹ̀. Bí egungun bá bọ́ sí ibi tó tẹ̀ yẹn, á máa yọ̀ ni, kò ní rí ibi dúró sí.

Ìjókòó kẹ̀kẹ́ eré ìdíje sábà máa ń wà láàárín 130 sí 155. Ti kẹ̀kẹ́ ìgboro onísípíríìnì máa ń tó 180 sí 220. Àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n pọ̀ jù lórí àtẹ lọ́dọ̀ọ́ wa nítorí pé kẹ̀kẹ́ onígíà tòkúnbọ̀ ló gbòde, nítorí náà ẹ mú téèpù dání lọ sọ́jà, kí ẹ wọn ibi tó fẹ̀ jù lẹ́yìn ìjókòó. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Aṣọ là ń wọ̀n kí a tó rán.

Ó lè fẹ̀ jù o. Bí inú itan bá ń ha etí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá lọ sísàlẹ̀, ó ti pọ̀ jù fún yín.

Ṣé ìjókòó obìnrin yàtọ̀ sí ti ọkùnrin?

Egungun ìdí obìnrin sábà máa ń jìnnà síra ju ti ọkùnrin lọ, nítorí náà ìjókòó tí wọ́n ṣe fún obìnrin máa ń fẹ̀ lẹ́yìn, imú rẹ̀ a sì kúrú. Ṣùgbọ́n páálí ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára. Ọkùnrin tí egungun rẹ̀ jìnnà síra lè ra ti obìnrin láìyẹ̀.

Fún ìyá tó ń wọ ìró tàbí síkẹ́ẹ̀tì, imú kúkurú dára nítorí mìíràn: aṣọ kì í há sí i nígbà tí a bá ń sọ̀kalẹ̀.

Sípíríìnì ńkọ́? Ṣé ó wúlò àbí ó kàn ń dún kẹ̀ẹ́kẹ̀ẹ́ ni?

Fún ẹni tó jókòó nàró, ó wúlò gan-an. Ẹni tó tẹ̀ síwájú lè fi orúnkún àti ìgúnpá gba gbòǹgbò tàbí kòtò. Ẹ̀yin tí ẹ nàró, ọ̀pá ẹ̀yìn ni gbogbo rẹ̀ ń gbà gòkè. Ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ pupa tó lọ sí àwọn abúlé ìjọba ìbílẹ̀ Surulere àti Oríire, tí ọ̀gbàrá ti gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ, kò ṣeé fi ìjókòó aláìnísípíríìnì lọ lójoojúmọ́.

Sípíríìnì gbọ́dọ̀ bá ìwúwo yín mu. Ẹ jókòó lé e: bó bá lọ sílẹ̀ díẹ̀ tó sì dúró, ó dára. Bó bá lọ sílẹ̀ títí tí òkè fi kan ìsàlẹ̀, kò lágbára tó. Bí kò bá mira rárá, ẹrù lásán ni. Ariwo rẹ̀ kò tó nǹkan, ẹ kán òróró ẹ̀rọ díẹ̀ sí ibi tí irin ti ń ha irin.

Báwo ni kí ìjókòó ga tó?

Ẹ gun kẹ̀kẹ́ náà, kí ẹ fara ti ògiri. Ẹ gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà gbọọrọ láìjẹ́ pé ìdí yẹ̀ lórí ìjókòó. Nígbà tí ẹ bá wá fi iwájú ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà bó ṣe yẹ, orúnkún á tẹ̀ díẹ̀. Ibi tó yẹ kó wà nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé ìjókòó sísàlẹ̀ jù kí ẹsẹ̀ méjèèjì lè tẹ ilẹ̀ láìsọ̀kalẹ̀. Ìbẹ̀rù ló ń fà á, mo sì mọ̀ pé ọ̀kadà àti Márúwá kò jẹ́ kí ọkàn ẹni balẹ̀ ní Sábó. Àmọ́ bí ìjókòó bá lọ sílẹ̀ jù, ẹsẹ̀ kò ní lè gbé díẹ̀ nínú ìwúwo, gbogbo rẹ̀ á padà sórí ìdí, orúnkún náà á sì máa dun yín. Ẹ kọ́ bí a ṣe ń yọ́ kúrò lórí ìjókòó síwájú nígbà tí a bá fẹ́ dúró.

Bí ẹ bá ń fa ọ̀pá ìjókòó sókè, ẹ wá ìlà tí wọ́n fà sí i lára. Kò gbọdọ̀ yọ síta láé. Bó bá yọ, ọ̀pá lè ṣẹ́ tàbí kó fa fúrémù ya.

Ṣé kí imú ìjókòó wo òkè ni àbí ìsàlẹ̀?

Kó tẹ́jú ni ìbẹ̀rẹ̀. Bí imú bá wo ìsàlẹ̀, ẹ ó máa yọ̀ síwájú, ọwọ́ àti èjìká á máa tì yín padà, wọ́n á sì rẹ̀. Bó bá wo òkè jù, ẹ mọ ibi tó máa gún.

Ohun kan wà tí àwọn alátùn-únṣe kì í rántí nípa ìjókòó onísípíríìnì. Bí ẹ bá jókòó lé e, sípíríìnì ẹ̀yìn á lọ sílẹ̀, imú á sì gbéra sókè. Ìjókòó tó tẹ́jú nígbà tí kò sẹ́ni lórí rẹ̀ kò ní tẹ́jú mọ́ nígbà tí ẹ bá gùn ún. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó wò ó nígbà tí ẹ jókòó, kí ẹ wá tún un ṣe. Díẹ̀díẹ̀ ni o. Ìyàtọ̀ tí ojú kò fi bẹ́ẹ̀ rí, ìdí á mọ̀ ọ́n.

Ṣé gbogbo ìjókòó ló wọ gbogbo kẹ̀kẹ́?

Ọ̀pọ̀ jù lọ ni. Irin méjì tó wà lábẹ́ ìjókòó òde òní máa ń nípọn tó mìlímítà 7, ìdè tó ń di ọ̀pá mú sì sábà máa ń gbà á. Lórí àwọn kẹ̀kẹ́ onírin àtijọ́, orí ọ̀pá jẹ́ róbótó, nǹkan bíi mìlímítà 22, ìdè onínọ́ọ̀tì méjì la fi ń mú un. Bí ẹ bá ń ra ìjókòó fún irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ bèèrè bóyá ìdè wà lára rẹ̀.

Àwọn ìjókòó awọ àtijọ́ kan, bíi Brooks B66, ní irin mẹ́rin dípò méjì. Ìdè wọn yàtọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òòlù fipá mú un wọ ìdè tòde òní.

Ìjókòó awọ ti kẹ̀kẹ́ bàbá mi wà nílé. Ṣé kí n jù ú nù?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jù ú nù. Ilé iṣẹ́ Brooks bẹ̀rẹ̀ ní Birmingham ní England ní 1866, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ lórí ìjókòó kẹ̀kẹ́ wọn àkọ́kọ́ ní 1882. Awọ líle ni wọ́n nà láti iwájú dé ẹ̀yìn, kò sí fóòmù kankan lábẹ́ rẹ̀. Bí a bá ń gùn ún, awọ náà á máa gba ìrísí egungun ẹni tó ni ín díẹ̀díẹ̀. B66 àti B67 jẹ́ ti ẹni tó ń jókòó nàró, wọ́n fẹ̀ ju mìlímítà 200 lọ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí awọ bá ti ya níbi ìdè irin, tàbí tó ti sán já láàárín, kò sí oògùn. Bó bá kàn gbẹ tó sì ti rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀, nọ́ọ̀tì kan wà lábẹ́ imú rẹ̀ tí a fi ń fà á le. Ẹ yí i díẹ̀ péré, kí ẹ gùn ún fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó tún fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá fà á le lẹ́ẹ̀kan náà ló máa ń fa awọ ya.

Òjò ni ọ̀tá rẹ̀. Awọ tó tutù tí a sì jókòó lé á nà, kò sì ní padà bọ̀ sípò. Ẹ máa fi nylon bò ó. Bó bá tutù, ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kì í ṣe inú oòrùn, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ iná. Ní ìgbà ọyẹ́, tí ètè gbogbo wa ń ya, awọ náà ń ya: ẹ fi ìpara awọ díẹ̀ pa á lórí. Òróró ìsebẹ̀ àti ọ́ìlì ọkọ̀ máa ń sọ ọ́ di jọ́bọ́tọ́.

Àwọn oníṣọ̀nà awọ wà nítòsí wa ní Ọ̀yọ́, àwọn tó ń ṣe tìmùtìmù. Bí ìránṣọ tàbí ìbòrí ìjókòó yín bá tú, ọwọ́ wọn mọ awọ ju ọwọ́ alátùn-únṣe kẹ̀kẹ́ lọ. Mo kàn máa ń rọ ènìyàn kó sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi tìmùtìmù kún un lábẹ́.

Ìbòrí rírọ̀ tí wọ́n ń tà láti fi bo ìjókòó ńkọ́?

Bí ìjókòó bá ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ìbòrí kò lè mú un fẹ̀. Á kàn máa yí kiri lábẹ́ yín. Ẹ fi owó rẹ̀ kún ti ìjókòó gidi.

Ọjọ́ mélòó ni kí n fún ìjókòó tuntun kó tó mọ́ mi lára?

Ẹni tí kò gun kẹ̀kẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, egungun ìdí rẹ̀ á dùn ún ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bí ìjókòó ti wù kó dára tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrìn kúkurú, kí ẹ sì máa fi ọjọ́ kan sinmi láàárín. Ìrora tó wà lórí egungun méjèèjì, tó sì ń dín kù lójoojúmọ́, kì í ṣe nǹkan ìbẹ̀rù. Bó bá jẹ́ pé àárín ló ń dùn yín, tàbí ara ń kú, ìfaradà kò lè tún un ṣe. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Inú itan àti ìdí mi máa ń bó. Kí ni mo lè ṣe?

Ẹ wo aṣọ kí ẹ tó dá ìjókòó lẹ́bi. Ojú ìránṣọ tó nípọn lábẹ́ jíǹsì, ṣòkòtò kẹ̀ǹbẹ̀ tó ká jọ, pátá tó tutù fún òógùn: gbogbo wọn ń ha ara. Aṣọ tó ṣe rẹ́gí, tí ìránṣọ rẹ̀ kò nípọn lábẹ́, ló dára. Ẹ fi básílíìnì díẹ̀ pa ibẹ̀ kí ẹ tó gbéra bí ìrìn bá jìn. Bí ẹ bá dé, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Bó bá di oówo, ẹ sinmi kẹ̀kẹ́ títí yóò fi jinná.

Abẹ́ mi máa ń kú. Ṣé òótọ́ ni pé kẹ̀kẹ́ ń ba agbára ọkùnrin jẹ́?

Kíkú ara túmọ̀ sí pé ìjókòó ń tẹ iṣan tí kò yẹ kó tẹ̀. Ẹ má fara dà á. Ẹ wo imú ìjókòó bóyá ó wo òkè, ẹ wò ó bóyá ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù tàbí ó rọ̀ jù. Ẹ máa dìde lórí pẹ́dà léraléra, kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè sàn. Ìjókòó tí wọ́n ya ihò sí láàárín máa ń ran àwọn kan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí kò bá fẹ̀ tó, etí ihò náà gan-an ni yóò máa gé yín.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àhesọ lásán. Ní Amẹ́ríkà, NIOSH, àjọ ìjọba tó ń ṣèwádìí nípa ìlera òṣìṣẹ́, ṣe àyẹ̀wò àwọn ọlọ́pàá tó ń fi kẹ̀kẹ́ ṣọ́ ìlú. Ní 2009, wọ́n gba àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ṣiṣẹ́ nímọ̀ràn pé kí wọ́n lo ìjókòó tí kò ní imú, kí ìwúwo lè wà lórí egungun ìdí. Àwọn ọlọ́pàá wọ̀nyẹn ń pẹ́ lórí kẹ̀kẹ́ lóòjọ́ ju ọ̀pọ̀ wa lọ. Fún ẹni tó nàró lórí ìjókòó tó fẹ̀ tó, ewu náà kéré. Bí ara bá ṣì kú lẹ́yìn tí ẹ ti sọ̀kalẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, tàbí tí ìtọ̀ bá ń ni yín lára, ẹ lọ rí dókítà, kí ẹ má lọ sọ́dọ̀ oníjẹ̀dí.

Ìdí kò dùn mí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ń pa mí. Ṣé ìjókòó náà ló fà á?

Ó lè jẹ́ òun, ó sì lè jẹ́ táyà. Àwọn ènìyàn máa ń fún afẹ́fẹ́ kún táyà títí á fi le bí òkúta. Lójú ọ̀nà wa, táyà tó nípọn, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dín díẹ̀ sí èyí tó pọ̀ jù tí wọ́n kọ sí i lára, máa ń gba púpọ̀ nínú ìgbọ̀n kó tó dé ìjókòó. Ẹ má jẹ́ kó dín jù, kí rímù má baà jẹ ẹ́.

Ẹ wo ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà. Bó bá ga jù tó sì sún mọ́ yín jù, ẹ̀yìn á dúró gan-an bí ọ̀pá, kò ní lè mì. Ẹ sún ìjókòó sẹ́yìn díẹ̀ lórí irin rẹ̀, kí ara lè tẹ̀ síwájú díẹ̀, díẹ̀ náà ni o. Bí ẹ bá sì rí kòtò, ẹ gbé ìdí kúrò lórí ìjókòó.

Apá kan ṣoṣo ló ń dùn mí. Kí ló fà á?

Ẹ kọ́kọ́ yọ pọ́ọ̀sì àti fóònù kúrò lápò ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, kí ẹ wò ó bóyá imú ìjókòó kọjú sí àárín ọwọ́ kẹ̀kẹ́ gan-an. Ìjókòó tó ga jù náà máa ń fa èyí, torí ìdí á máa yí sọ́tùn-ún sósì láti lé pẹ́dà bá. Kí ẹlòmíràn tẹ̀ lé yín lẹ́yìn kó wo ìbàdí yín.

Bí gbogbo ìyẹn bá tọ́, ẹ tú ìjókòó náà, kí ẹ dojú rẹ̀ dé. Ẹ wo irin méjèèjì bóyá ọ̀kan ti wọ́, ẹ wo sípíríìnì bóyá ọ̀kan ti kúrú ju èkejì, ẹ tẹ ike ìsàlẹ̀ bóyá ó ti sán. Lára tòkúnbọ̀ ni èyí pọ̀ sí jù, torí ibi tó ti sán máa ń fara pamọ́ sábẹ́ ìbòrí. Irin tó ti wọ́, ẹ má fi òòlù nà án. Ó máa ṣẹ́ lójú ọ̀nà.